Ọ̀rọ̀ Aṣínà Kì í Ṣe Ohun Tí À Ń Kọ Ránṣẹ́

Ní àtijọ́, bí lẹ́tà bá dé, ẹni tí kò mọ̀wé ní láti wá ọmọ ilé-ìwé kan tí yóò kà á fún un. Gbogbo àṣírí inú rẹ̀ ni ọmọ náà yóò gbọ́. Nísinsìnyí ẹ̀yin ń ka ti yín fúnra yín, àní lórí fóònù. Ẹ kú oríire. Ṣùgbọ́n àṣírí kan wà tí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣì ń fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ aṣínà ni.

Kí ni ọ̀rọ̀ aṣínà? Òun ni àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní páswọ́ọ̀dù. Kọ́kọ́rọ́ ni, tí a fi ń ṣí fóònù, tàbí WhatsApp, tàbí àkáǹtì wa ní báǹkì. Ti káàdì tí a fi ń gba owó lára ẹ̀rọ jẹ́ nọ́ńbà mẹ́rin. Píìnì ni wọ́n ń pè é. Oríṣi kan tún wà tí a kì í yàn fúnra wa. Ilé-iṣẹ́ ni yóò fi í ránṣẹ́ sórí fóònù wa, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a ó sì lò ó. Ti WhatsApp jẹ́ nọ́ńbà mẹ́fà: mẹ́ta, ìlà kékeré kan láàárín, mẹ́ta mìíràn. Èyí gan-an ni olè fẹ́ràn jù.

Ẹ jẹ́ kí a ro ti ìyá kan tí ń ta aṣọ ní ọjà Gbági ní Ìbàdàn. Ó wà nínú ẹgbẹ́ èsúsú, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ọ̀rọ̀ wọlé láti ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀: "Ẹ kú ọjà o, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má bínú, mo ṣèèṣì fi nọ́ńbà kan ránṣẹ́ sórí fóònù yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ ọ́ padà, mo ń kánjú." Ìyá wò ó, lóòótọ́ nọ́ńbà mẹ́fà kan ti wọlé. Ó dà á kọ, ó fi ránṣẹ́. Kò pẹ́, ó fẹ́ ṣí WhatsApp rẹ̀, kò ṣí mọ́.

Kí ló ṣẹlẹ̀? Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kọ́ ló kọ̀wé. Olè ti kọ́kọ́ gba WhatsApp ọ̀rẹ́ náà lọ́nà kan náà. Ó wá tẹ nọ́ńbà fóònù ìyá aláṣọ sínú fóònù tirẹ̀, bí ẹni pé òun ni ìyá náà. WhatsApp kò gbà á gbọ́ bẹ́ẹ̀. Ó fi nọ́ńbà mẹ́fà ránṣẹ́ sórí fóònù oní-nǹkan, ó ní kí olè sọ ohun tí ó jẹ́. Olè kò ní i lọ́wọ́. Ìyá aláṣọ ló fún un.

Olè kò rí àwọn ọ̀rọ̀ àtijọ́ tí ìyá náà ti bá ènìyàn sọ, nítorí inú fóònù ìyá ni wọ́n wà. Kò nílò wọn. Àwọn ẹgbẹ́ tí ìyá wà nínú wọn ti hàn sí i: ẹgbẹ́ èsúsú, ẹgbẹ́ ọjà, ẹgbẹ́ mọ̀lẹ́bí. Ó kọ̀wé sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan pé òun ń wá owó díẹ̀ kíákíá, òun yóò dá a padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwọn tí wọ́n mọ ìyá sí olóòótọ́ ènìyàn fi owó ránṣẹ́. Ní ọjọ́ kejì wọ́n dé ìsọ̀ rẹ̀. Ta ni yóò san án? Ìyá kò gba kọ́bọ̀. Àwọn náà kò purọ́. Irú èyí lè tú ẹgbẹ́ tí ó ti wà fún ogún ọdún ká.

Èmi kò pe ìyá náà ní òmùgọ̀. Ẹni tí wọ́n tọ́ dáadáa ni. Wọ́n kí i, wọ́n bẹ̀ ẹ́, ó sì rò pé ọ̀rẹ́ òun ni. Ó máa ń ti wa lójú láti sọ fún ọ̀rẹ́ pé, "Mi ò ní fún ẹ." Olè mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìtìjú wa ló fi ń jẹun.

Ẹlòmíràn yóò ní, "Ṣebí wọ́n ní ọ̀rọ̀ orí WhatsApp wà lábẹ́ èdìdì?" Òótọ́ ni. Ẹ rántí àrokò. Bí ará Ìjẹ̀bú bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ènìyàn, ẹ̀fà ni, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọkàn òun fà sí i. Ẹni tí a rán lè má mọ ohun tí ó gbé dání. Bẹ́ẹ̀ ni WhatsApp ṣe ń di ọ̀rọ̀ wa láti ọdún 2016, tí ẹni tó wà lójú ọ̀nà kò fi lè kà á. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti dé ọwọ́ ẹni tí a kọ ọ́ sí, ó ti ṣí nìyẹn. Èdìdì ń ṣọ́ ojú ọ̀nà, kò ṣọ́ ilé.

Ẹ wò ó báyìí. Ọmọ yín ní Èkó ní kí ẹ kọ píìnì yín ránṣẹ́, kí òun lè bá yín san owó iná. Ọmọ yín gan-an ni, kì í ṣe olè. Ẹ kọ ọ́. Ó ti wà ní fóònù yín, ó ti wà ní ti ọmọ. Ó lè wà nínú ẹ̀dà tí fóònù ń tọ́jú pamọ́ sọ́dọ̀ Google. Bí ọmọ bá ń ṣí WhatsApp lórí kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́, ó wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Lọ́dún tó ń bọ̀, wọ́n lè já fóònù rẹ̀ gbà nínú dáńfó. Ẹni tí ó bá wá "píìnì" nínú rẹ̀ yóò rí i, bí ẹ̀yin tilẹ̀ ti gbàgbé pé ẹ kọ ọ́ rí. Owó iná ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ọmọ, kì í ṣe píìnì. Òṣìṣẹ́ báǹkì pàápàá kò gbọdọ̀ béèrè rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè, ẹ pa fóònù mọ́ ọn létí.

Bí ẹ bá ti kọ ọ́ ránṣẹ́ ńkọ́? WhatsApp gbà wá láyè láti pa ọ̀rọ̀ rẹ́ ní fóònù wa àti ti ẹnì kejì, títí di nǹkan bí ọjọ́ méjì. Ẹ pa á rẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má gbọ́kàn lé e, nítorí kò lè pa ohun tí ènìyàn ti dà kọ. Ẹ pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà náà lọ́jọ́ náà gan-an.

Ní ti nọ́ńbà mẹ́fà, bí ó bá wọlé tí ẹ kò béèrè fún un, ẹ má fún ẹnikẹ́ni. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sábà fi ń kọ ìkìlọ̀ tó wà lára rẹ̀. Ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lè fi ìlà kékeré àárín rẹ̀ yẹn dá a mọ̀. Bí ọ̀rẹ́ bá ní òun ló fi í ránṣẹ́, ẹ pè é lórí fóònù lásán, kì í ṣe lórí WhatsApp, kí ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀. Ilẹ̀kùn kejì tún wà. Nínú WhatsApp, ẹ tẹ Settings, ẹ tẹ Account, ẹ tẹ Two-step verification, kí ẹ yan nọ́ńbà mẹ́fà tí ó jẹ́ ti yín. Ẹ má fi ọjọ́ ìbí ṣe é.

Bí olè bá ti gbà á, ẹ kọ́kọ́ pe olórí ẹgbẹ́, kí ó kéde pé kí ẹnikẹ́ni má fi owó ránṣẹ́. Lẹ́yìn náà ẹ fi nọ́ńbà fóònù yín ṣí WhatsApp lẹ́ẹ̀kan sí i. Nọ́ńbà mẹ́fà tuntun yóò wọlé. Bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́, olè ti jáde nìyẹn. Ó lè ti fi ilẹ̀kùn kejì ti ibẹ̀ pa kí ẹ tó dé; bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ ó dúró fún ọjọ́ méje kí ẹ tó wọlé. Ẹni tí ó ti fi owó ránṣẹ́, kí ó sáré pe báǹkì rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí olè kò bá tíì kó o jáde, wọ́n lè dá a dúró.