Bí Àrùn Kò Ṣe Ní Ba Tòmátì Ẹ̀yìnkùlé Yín Jẹ́ Lẹ́yìn Omíyalé

Omi ti fà ní àdúgbò àwọn kan nínú yín, àwọn mìíràn ṣì wà lọ́dọ̀ ẹbí. Tòmátì wọ́n lọ́jà, ẹ sì lè gbin ìwọ̀nba tí ẹ ó máa sè. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó rin gbingbin ni àrùn ewé fẹ́ràn.

Irú ohun tó ń mú búrẹ́dì bu ló ń fa àrùn yìí. Inú ilẹ̀ àti ara ewé àtijọ́ ló ń sá pamọ́ sí. Bí òjò bá rọ̀, tí omi ta ẹrẹ̀ sára ewé ìsàlẹ̀, ó ti ráyè gùn ún nìyẹn. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ewé ìsàlẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ ní àmì bí ibi tí iná jó, òrùka nínú òrùka. Ohun tí a ń wá ni pé kí ewé gbẹ, kó má sì kan ilẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ fa tòmátì tí omi bò tu, kí ẹ sun ún. Ẹ má jẹ èso rẹ̀, bó tilẹ̀ pọ́n dáadáa. Omi ṣáláńgá ti kàn án.

Ẹni tí kò bá ní ilẹ̀ lè lo àpò ìrẹsì. Ẹ lu ihò sí ìdí rẹ̀, kí ẹ bu ilẹ̀ láti ibi gíga tí omi kò dé. Ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà 2 sáàárín igi kan sí èkejì, kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ sí wọn. Ẹ ri ọ̀pá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ fi àkísà so ó rọra. Ẹ tẹ́ koríko gbígbẹ sílẹ̀ yí i ká, kí ẹrẹ̀ má baà ta sókè. Tó bá ga dé orúnkún, ẹ já ewé tó ń kan ilẹ̀.

Àárọ̀ ni kí ẹ bomi rin ín, ní ìdí, kì í ṣe lórí. Ewé tó bá sùn pẹ̀lú omi lára ni àrùn ń mú. (A mọ̀ pé omi ò tó; omi tí ẹ fi ṣan ìrẹsì dára fún un.)

Ewé tó bá ti ní àmì, ẹ já a nígbà tí ìrì ti gbẹ, kí ẹ sun ún. Oògùn fífín kì í wo ewé tó ti bàjẹ́ sàn, èyí tí ara rẹ̀ ṣì le ló ń dáàbò bò. Oògùn tí omi gbé wá, tí ẹ kò mọ orúkọ rẹ̀, ẹ má fín in rárá.

Bí igi kan bá rọ lójijì, tí ilẹ̀ ìdí rẹ̀ sì tutù, àrùn gbòǹgbò lè nìyẹn. Ẹ fà á tu kíá. Ẹ má gbin tòmátì, ata tàbí ikàn síbẹ̀ lọ́dún yìí; ẹ̀wà tàbí àgbàdo ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀.