Ohun tí Ẹ̀rọ Wọ̀n, Ohun tí Etí Gbọ́

Bí ọ̀dọ́ kan tí ó ń gbé ní Sokodé bá bá bàbá rẹ̀ ní Kambolé sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù, ó máa ń mọ̀ bóyá ọkọ ni bàbá wí, tàbí ọkọ́, tàbí ọkọ̀. Èyí yẹ kí ó yà wá lẹ́nu. Ohùn ọkùnrin máa ń gbọ̀n ní bíi ìgbà 100 sí 150 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìró ìpìlẹ̀ yìí ni ó ń gbé ohùn òkè àti ti ìsàlẹ̀ inú èdè wa. Ṣùgbọ́n tẹlifóònù àtijọ́ kì í jẹ́ kí ìró tí ó rẹlẹ̀ ju 300 lọ kọjá. Bí a bá fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n, ìró ìpìlẹ̀ náà kò sí níbẹ̀. Síbẹ̀ etí gbọ́ ọ, nítorí pé ọpọlọ a máa fi àwọn ìró gíga tí ó bá a rìn tún un kọ́.

Ṣé asán ni ìwọ̀n, nígbà náà? Rárá o. Ní ilé ìwádìí ìjọba Kánádà, Floyd Toole gbé oríṣiríṣi haut-parleur sẹ́yìn aṣọ ìkélé, ó ní kí àwọn olùgbọ́ fún wọn ní máàkì. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 1985 àti 1986: àwọn tí ìwọ̀n wọn tẹ́jú, tí wọn kò gbé ìró kan ga ju èkejì lọ, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn yàn. Ní 1994, òun àti Sean Olive fi hàn pé bí a bá ṣí aṣọ náà, ìrísí ẹ̀rọ a máa yí máàkì padà. Ojú ń tan etí jẹ.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa ní Kambolé, Tchamba àti Sokodé, bí ẹ bá fẹ́ ra haut-parleur tàbí casque, ẹ má fi ojú rà á. Ẹ di ojú, kí ẹlòmíràn máa pààrọ̀ rẹ̀ fún yín. Kí ariwo wọn dọ́gba, nítorí pé èyí tí ó bá ròkè díẹ̀ a máa dà bí ẹni pé ó dára jù. Ẹ má fi orin ijó nìkan dán an wò. Ẹ fi ohùn àgbà kan tí ẹ mọ̀ dáadáa kún un. Ẹ̀rọ tí ìró ìsàlẹ̀ rẹ̀ pọ̀ jù lè bo àwọn ìró gíga tí etí fi ń dá ọ̀rọ̀ mọ̀.

Àwọn àgbà tí ó mọ ìtàn ìlú ń lọ díẹ̀díẹ̀. Ohùn tí a bá gbà sílẹ̀ ni yóò kù. Ẹni tí yóò gbọ́ ọ lọ́la kò ní rí bàbá mọ́ kí ó bi í pé: ẹ jọ̀wọ́, kí ni ẹ wí?