Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Kí ló ba odò Yamuna jẹ́?

Odò Yamuna ní Íńdíà gùn tó nǹkan bíi 1,376 kìlómítà. Apá tó la ìlú Delhi kọjá, láti Wazirabad dé Okhla, kò ju nǹkan bíi 22 lọ. Síbẹ̀, ibẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìdọ̀tí rẹ̀ ti ń wọ̀ ọ́.

🔹 Lọ́dún 1951, èrò Delhi kò tó mílíọ̀nù 2. Nígbà tó fi di 2011, wọ́n ti lé ní mílíọ̀nù 16. Ilé ń pọ̀ sí i, páìpù ẹ̀gbin kò bá a dọ́gba.

🔹 Gọ́tà ńlá Najafgarh ń da omi ṣáláńgá àti ti iléeṣẹ́ sínú odò.

🔹 Ọṣẹ ìfọṣọ wà lára ohun tó ń mú un hó funfun báláú.

Ìlú tó bá ń fẹjú, kó tètè ri páìpù ẹ̀gbin kí èrò tó kún.