Ààtàn Tí Ń Bọ́ Ọgbà

Nígbà tí a rán mi lọ fi iṣẹ́ ìkọ́ni dánra wò ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní agbègbè Ìlobùú àti Ìfọ́n, ọgbà àwọn ọmọ bọ́ sí ìkáwọ́ mi. Ẹ̀fọ́ inú rẹ̀ pọ́n, kò sì ga ju ìka ọwọ́ lọ. Ṣùgbọ́n lórí ààtàn tí ó wà lẹ́yìn ọgbà, tẹ̀tẹ̀ dúdú minimini, ó ga dé orúnkún. Ọmọ kan bi mí pé, “Tíṣà, ta ni ó gbin èyí?” Èmi kò rí èsì fún un ní ọjọ́ náà. Èsì náà nìyí.

Ní ayé àwọn baba wa, bí ilẹ̀ bá ṣá, wọn a fi í sílẹ̀ kí ó di igbó, wọn a sì ṣí lọ síbòmíràn. Ewé igbó náà a jẹrà, a sì dá okun ilẹ̀ padà. Lónìí, ilé ti dé ibi tí oko etílé wà rí. Ẹni tí ọgbà ẹ̀yìnkùlé nìkan kù fún kò ní ibi tí yóò ṣí lọ; bí ilẹ̀ rẹ̀ bá ṣá, ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n.

Ohun tí ó wà lórí ààtàn kì í ṣe oògùn. Àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí ni ó ń jẹ èèpo àti ewé, tí wọ́n sì ń sọ wọ́n di ilẹ̀dú. Wọ́n ń fẹ́ oúnjẹ, omi àti afẹ́fẹ́ gẹ́gẹ́ bí àwa. Ní ilé-ẹ̀kọ́ náà, gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni a máa ń gbá ewé jọ, tí a sì ń dáná sun ún. Eérú a kù, ṣùgbọ́n náítírójìn tí í mú kí ewé dúdú a bá èéfín lọ. Oúnjẹ ọgbà ni a ń sun!

Láàárín ọdún 1924 sí 1931, Albert Howard, ará Gẹ̀ẹ́sì, ṣe ìwádìí ọ̀rọ̀ yìí ní ìlú Indore ní Índíà, ó sì kọ́ ọgbọ́n lọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀. Ọ̀nà rẹ̀ kò ṣòro fún wa.

Kí a wá ibi tí ibòji wà, tí omi kì í dúró sí. Kí a kọ́kọ́ tẹ́ pòròpórò àgbàdo sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọlé; kí a da ewé gbígbẹ lé e, lẹ́yìn náà èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí koríko tútù, pẹ̀lú ìgbẹ́ adìẹ tàbí ti ewúrẹ́ díẹ̀. Agbọ̀n ohun gbígbẹ méjì tàbí mẹ́ta ni kí a fi sí agbọ̀n ohun tútù kan. Kí a máa tò ó léra títí òkìtì náà yóò fi ga tó ẹsẹ̀ bàtà 3, tí yóò sì fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Kí a wọ́n omi sí i títí yóò fi rí bí kàn-ìn-kàn-ìn tí a fún: ó tutù, ṣùgbọ́n kò kán. Kí a fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó nítorí òjò.

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, kí a ki igi bọ àárín rẹ̀. Bí igi náà bá gbóná nígbà tí a fà á yọ, iṣẹ́ ń lọ. Ooru yìí ni í pa èso èpò. Bí kò bá gbóná, ó lè gbẹ jù, tàbí kí ohun tútù má tó. Bí ó bá ń rùn, omi ti pọ̀ jù. Kí a fi ewé gbígbẹ kún un. Kí a máa yí i ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta, yóò dúdú, òórùn rẹ̀ yóò sì dàbí ti ilẹ̀ lẹ́yìn òjò. Nígbà náà ni kí a pò ó mọ́ ilẹ̀ ọgbà kí a tó gbìn.

Ṣùgbọ́n kí a ṣọ́ra: ààtàn òde òní kò dàbí ti àtijọ́. Ike, ìgò fífọ́ àti òkúta tọ́ọ̀ṣì wà nínú rẹ̀. Kí a má ṣe kó ilẹ̀ rẹ̀ sí ọgbà oúnjẹ. Òkìtì tiwa gbọ́dọ̀ wà lọ́tọ̀. Ẹran, epo àti ìgbẹ́ ajá kò sì gbọdọ̀ dé inú rẹ̀.

Bí mo bá tún bá ọmọ náà pàdé, èmi kì yóò fi ẹnu nìkan dá a lóhùn. Ìdí òkìtì ni èmi yóò mú un lọ, kí òun fúnra rẹ̀ ki igi bọ̀ ọ́, kí ó sì fi ọwọ́ kan ooru náà.