Kí a tó fi owó ńlá ra ẹ̀rọ àkójọ orin: ohun tó yẹ kí a bi ẹni tó ń tà á

Ní ọ̀pọ̀ ilé ní Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́, ogún ni orin jẹ́. Awo Haruna Ishola àti Yusuf Olátúnjí wà nínú àpótí bàbá, awo Poly-Rythmo ti Kútọnu wà lábẹ́ wọn, kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi gba ohùn ẹlẹ́fẹ̀ sílẹ̀ lálẹ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sì wà nínú àpò ọ̀rá. Eruku ń jẹ awo, ooru sì ń ba kásẹ́ẹ̀tì jẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ kí orin wọ̀nyí pẹ́ láyé yóò bèèrè pé: ẹ̀rọ wo ni mo lè rà tí yóò kó gbogbo wọn síbi kan, tí yóò sì máa gbé wọn jáde ní ohùn tó dára?

Ẹ̀rọ náà wà. Àwọn olóyìnbó ń pè é ní music server; àwa yóò pè é ní ẹ̀rọ àkójọ orin. Owó rẹ̀ lè kéré, ó sì lè tó owó mọ́tò. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tó yẹ kó ṣáájú ọ̀rọ̀ owó: bí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é bá kógbá sílé lọ́la, ṣé orin wa yóò ṣì máa dún?

Iṣẹ́ tí ẹ̀rọ náà ń ṣe

Kọ̀ǹpútà kékeré ni, orin nìkan sì ni iṣẹ́ rẹ̀. Dísìkì wà nínú rẹ̀ tí orin ń gbé. Ó ń to orin lẹ́sẹẹsẹ pẹ̀lú orúkọ olórin, orúkọ awo àti ọdún tó jáde. A ó fi tẹlifóònù yan èyí tí a fẹ́ gbọ́, ẹ̀rọ náà yóò sì fi í ránṣẹ́ sí ampilifáyà àti sípíkà. Àwọn kan tún ń da CD kọ fúnra wọn: a ó ti CD bọ̀ wọ́n lẹ́nu, wọn yóò da gbogbo rẹ̀ kọ, wọn yóò sì tì í jáde. Púpọ̀ nínú wọn kò ní fáànù, nítorí náà wọn kì í pariwo nínú yàrá.

Ó ní ohun tí kò lè ṣe. Nọ́ńbà ni orin tó wà lórí CD: ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo, ìgbà 44,100 ni wọ́n wọn ohùn fún etí ọ̀tún, iye kan náà sì ni fún etí òsì. Orin wákàtí kan gba nǹkan bíi 635 megabyte. Bí a bá sọ ọ́ di MP3 kékeré, irú ti 128 kilobit, yóò di bíi 58 megabyte péré. Ohun tí wọ́n gé kúrò nínú rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Kò sí ẹ̀rọ tó lè dá a padà, ì báà jẹ́ olówó gọbọi.

Ọ̀nà míràn wà tó ń jẹ́ FLAC, tó jáde ní 2001. Ó ń ká orin bí ẹni ká aṣọ sínú àpótí. Àyè tó ń gbà dín kù tó bíi ìdajì, ṣùgbọ́n nígbà tí a bá tú aṣọ náà, kò sí òwú kan tó já. Ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni ló lè lò ó. Dísìkì terabyte kan lè gba ju 2,000 CD lọ lọ́nà yìí. Nítorí náà, ẹni tó bá ní 500,000 fránkì lọ́wọ́, tó sì jẹ́ pé MP3 láti inú kádì mẹ́mórì ọjà ló fẹ́ máa gbọ́, kó kọ́kọ́ wá orin tó dára. Lẹ́yìn náà, kó náwó sórí sípíkà, nítorí ibẹ̀ ni etí ti ń gbọ́ ìyàtọ̀ jù.

Ohun tí Squeezebox kọ́ wa

Ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ kékeré kan tó ń jẹ́ Slim Devices mú ẹ̀rọ kan jáde ní 2001 tó ń gba orin láti inú kọ̀ǹpútà wá sí ampilifáyà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n ṣe Squeezebox, tí àwọn olólùfẹ́ orin gba tọwọ́tẹsẹ̀. Ní 2006, Logitech ra ilé-iṣẹ́ náà. Nígbà tó di 2012, Logitech dáwọ́ Squeezebox dúró.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀, ṣùgbọ́n kò parí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni Slim Devices ti ṣí inú ètò tó ń darí ẹ̀rọ náà sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó bá mọ iṣẹ́ lè wò ó, kó sì tún un ṣe. Nígbà tí olówó kúrò nídìí rẹ̀, àwọn oníbàárà dúró tì í. Ní 2024, Logitech pa ojú-òpó íntánẹ́ẹ̀tì tó ń ran àwọn ẹ̀rọ náà lọ́wọ́. Ètò náà gba orúkọ tuntun, Lyrion Music Server, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ. Squeezebox tí wọ́n rà ní ohun tó ju ọdún 12 lọ ṣì ń kọrin.

Ẹ wá wo ti Sonos. Ní oṣù kìíní ọdún 2020, ilé-iṣẹ́ náà kéde pé àwọn ẹ̀rọ òun kan tó ti pẹ́ kò ní máa gba àtúnṣe tuntun mọ́ láti oṣù karùn-ún. Àwọn oníbàárà fárígá, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ sì tọrọ àforíjì. Ní oṣù karùn-ún 2024, wọ́n pààrọ̀ ètò orí tẹlifóònù tí wọ́n fi ń darí sípíkà, ọ̀pọ̀ ohun tí àwọn èèyàn ń lò tẹ́lẹ̀ ni wọn kò sì rí níbẹ̀ mọ́. Nígbà tó di oṣù kìíní 2025, ọ̀gá náà fi ipò sílẹ̀. Sípíkà kò bàjẹ́ o. Ilẹ̀kùn tí wọ́n ń gbà wọlé ni ẹlòmíràn yí padà. Ẹni tó ra ilé, tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tó tà á, ilé àyálò ló ń gbé.

Ọ̀nà mẹ́ta àti owó wọn

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá. Dọ́là 35 ni wọ́n kọ́kọ́ ń tà á ní 2012. A ó fi dísìkì kún un, a ó sì gbé ètò ọ̀fẹ́ bíi Lyrion tàbí moOde sórí rẹ̀. Ó gba sùúrù díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ tó mọ kọ̀ǹpútà lè tò ó láàárín ọjọ́ kan.

Ọ̀nà kejì ni kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó wà nílé tí kò ṣe nǹkan kan. Ètò ọ̀fẹ́ Lyrion ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ariwo fáànù àti iná tó ń jẹ ni àléébù rẹ̀.

Ọ̀nà kẹta ni ẹ̀rọ tí wọ́n dìídì ṣe fún orin, irú ti Innuos láti ilẹ̀ Potogí tàbí Aurender láti Kòríà. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn mọ́, wọn kò sì fún ẹni ní wàhálà. Ṣùgbọ́n 1,000 euro jẹ́ 655,957 fránkì, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn kan kọjá 10,000 euro, ìyẹn ju mílíọ̀nù mẹ́fà ààbọ̀ fránkì lọ.

Iná, eruku àti ẹ̀dà

Níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, dísìkì tó ń yí lè bàjẹ́ bí iná bá lọ lójijì. Èyí tí kò ní ohun tó ń yí nínú, tí wọ́n ń pè ní SSD, sàn díẹ̀. Síbẹ̀, kí bátìrì wà láàárín iná àti ẹ̀rọ, kí a lè ráyè pa á jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Nígbà ọyẹ́, kí a máa nu eruku ara rẹ̀.

Kò sí dísìkì tí kì í kú. Nítorí náà, kí orin wà ní ẹ̀dà mẹ́ta: ọ̀kan nínú ẹ̀rọ, ọ̀kan lórí dísìkì tí a yọ kúrò nínú iná tí a tì mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù, ọ̀kan lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ní ìlú míràn. Bí iná bá jó ilé kan, kò ní jó èkejì.

Ọ̀rọ̀ yìí kan kásẹ́ẹ̀tì ju ohun gbogbo lọ. Ní 2001, UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti Benin, Nàìjíríà àti Togo gẹ́gẹ́ bí ohun iyebíye fún gbogbo ayé. Síbẹ̀, ohùn ìyá yín àgbà tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì ilé kò sí lórí YouTube, kò sì sí lórí Spotify. Bí kásẹ́ẹ̀tì náà bá bu, ó parí. Dísìkì kékeré tó ní ẹ̀dà ṣe é láǹfààní ju àpótí olówó iyebíye tó dá nìkan wà lọ.

Ìbéèrè márùn-ún fún ẹni tó ń tà á

1. Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí kò bá sí íntánẹ́ẹ̀tì?
2. Ṣé owó kan wà tí a ó máa san lóṣooṣù tàbí lọ́dọọdún?
3. Ṣé ó ń gba FLAC, tí a sì lè da gbogbo orin wa kọ jáde nígbà tó bá wù wá?
4. Bí dísìkì inú rẹ̀ bá kú, ṣé a lè fi òmíràn sí i níbí, láì rán an padà sí òkè òkun?
5. Bí ilé-iṣẹ́ náà bá kógbá sílé, kí ni yóò ṣì máa ṣiṣẹ́ lára rẹ̀?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí ẹni tó ń tà á bá dáhùn márààrún láì ta kókó, ẹ lè wá bẹ̀rẹ̀ sí í ná an. Bí kò bá lè dáhùn ẹ̀kẹta àti ẹ̀karùn-ún, ẹ jẹ́ kí owó yín sinmi. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí kásẹ́ẹ̀tì dúró de ẹ̀rọ. Ẹ fi okùn so rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì mọ́ kọ̀ǹpútà ọ̀dọ́ kan ládùúgbò, kí ẹ gba ohùn náà sílẹ̀ ní FLAC kí ọyẹ́ mìíràn tó dé.