Orin Inú Iyàrá

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń gbé Sangisa, ní agbègbè Kosofe ní ìpínlẹ̀ Èkó, mọ ohun tí a ń pè ní ariwo. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ti ń já tòmátì, ata àti àlùbọ́sà sílẹ̀ ní ọjà Mile 12, tí àwọn agbèrò sì ń pe Kétu àti Ọ̀jọ́ta. Bí ó bá di ọjọ́ Sátidé, tí wọ́n ń ṣe ìgbéyàwó ní òpópó kan, tí wọ́n sì ń ṣe òkú àgbà ní òpópó kejì, ẹ̀rọ agbóhùnsókè àwọn méjèèjì a máa bá ara wọn jà títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ẹni tí ó dàgbà láàárín irú ariwo bẹ́ẹ̀ lè rò pé orin tí kò bá mi ilẹ̀ kì í ṣe orin. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ ṣe àlàyé irú orin kan tí ó yàtọ̀, èyí tí à ń pè ní orin inú iyàrá.

A kò dá orin yìí sílẹ̀ fún ìta gbangba. Ní ilẹ̀ Yúróòpù láyé àtijọ́, inú iyàrá ńlá nínú ilé àwọn ọlọ́lá ni wọ́n ti ń ta á, fún ẹbí àti ọ̀rẹ́ tí wọ́n jókòó yí àwọn olórin ká. Ènìyàn díẹ̀ ni í ta á: mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún, tàbí mẹ́jọ nígbà mìíràn. Olúkúlùkù ni ó ní ipa tirẹ̀, kò sí ẹni tí ó lè fara pamọ́ sẹ́yìn ẹnìkejì. Kò sì sí adarí orin tí yóò dúró níwájú wọn tí yóò máa ju ọ̀pá. Ojú ni wọ́n fi ń pe ara wọn. Èémí ara wọn ni wọ́n fi ń mọ ìgbà tí ó yẹ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀.

Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù ni ti ẹlẹ́ni mẹ́rin: fáyólíìnì méjì, fíólà kan àti ṣẹ́lò kan. Ọmọ ìyá ni àwọn ohun èlò wọ̀nyí. Igi ni a fi ṣe wọ́n, okùn mẹ́rin ni ó wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, irun ẹṣin tí a ta mọ́ ọ̀pá ni a sì ń fà kọjá lórí okùn náà kí ó tó fọhùn. Fáyólíìnì ni ó kéré jù, òun ni ohùn rẹ̀ sì ròkè jù. Fíólà tóbi jù ú lọ díẹ̀, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀ sí i. Ní ti ṣẹ́lò, ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ń ta á fi ní láti jókòó kí ó sì gbé e sí àárín orúnkún rẹ̀ méjèèjì. Ẹ má ṣe rò pé àjèjì pátápátá ni wọ́n. Gòjé tí àwọn onísákárà ń ta ní ilẹ̀ wa bá wọn tan: igbá tí a fi awọ bò ni ara rẹ̀, okùn rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ, ṣùgbọ́n irun ẹṣin náà ni a fi ń mú un sọ̀rọ̀.

Bí a bá fẹ́ mọ bí wọ́n ti ń pín iṣẹ́, kí a rántí àwọn onídùndún. Ìyáàlù ni ó ń sọ̀rọ̀, gúdúgúdú àti àwọn yòókù sì ń gbè é lẹ́sẹ̀. Nínú orin ẹlẹ́ni mẹ́rin, ipò ìyáàlù a máa kárí. Fáyólíìnì kìíní lè dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀, kí ṣẹ́lò gbà á, kí fíólà sì takò ó. Olùgbọ́ tí ó fi etí sí fáyólíìnì kìíní nìkan, nítorí pé òun ni ohùn rẹ̀ ròkè, dàbí adájọ́ tí ó gbọ́ tẹnu olùpẹ̀jọ́ tí kò gbọ́ tẹnu olùjẹ́jọ́. Àwọn àgbà sì ti wí pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn tí ń kọ orin ní Yúróòpù túbọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tú ọkàn wọn jáde nínú rẹ̀: ìfẹ́, ìbànújẹ́, ìfẹ́ ilẹ̀ baba wọn. Ìgbà Romantic ni a ń pe àsìkò náà. Ẹ wo Felix Mendelssohn, ọmọ ilẹ̀ Jámánì. Ọmọ ọdún 16 péré ni nígbà tí ó kọ orin ẹlẹ́ni mẹ́jọ rẹ̀ ní 1825, ó sì fi ṣe ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí fún olùkọ́ rẹ̀. Ẹgbẹ́ ẹ̀yin tí ń ka ìwé yìí ni ó jẹ́ nígbà náà, a sì ń ta orin náà títí di òní.

Ẹ wo Bedřich Smetana pẹ̀lú, ọmọ ilẹ̀ tí à ń pè ní Czech lónìí. Ní 1874 ni etí rẹ̀ di. Ní 1876 ó kọ orin ẹlẹ́ni mẹ́rin kan nípa ìgbésí ayé ara rẹ̀. Abala ìkẹyìn bẹ̀rẹ̀ bí ijó aláyọ̀. Lójijì ijó náà dá, àwọn mẹ́ta ń gbọ̀n nísàlẹ̀, fáyólíìnì kìíní sì fa ohùn kan ṣoṣo tí ó ga fíofío. Ohùn yẹn ni Smetana wí pé ó ń hó nínú etí òun nígbà tí dídi náà bẹ̀rẹ̀. Nínú iyàrá kékeré, kò sí ẹni tí ohùn náà kì í gún lọ́kàn.

Àwọn ènìyàn wa náà ní ìpín nínú iṣẹ́ yìí. Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni a bí Samuel Coleridge-Taylor sí ní 1875. Dókítà ni baba rẹ̀, ọmọ Sierra Leone. Nígbà tí ó ṣì ń kẹ́kọ̀ọ́ orin ni ó ti kọ orin alábala márùn-ún fún ẹlẹ́ni mẹ́rin. Nínú ìwé orin dùùrù tí ó tẹ̀ jáde ní 1905, ó fi orin Yorùbá kan sí i, èyí tí ó gbà lọ́dọ̀ Victoria Randle, aya Dókítà John Randle ti Èkó. Akin Euba, tí a bí ní Èkó ní 1935, kọ orin ẹlẹ́ni mẹ́rin tirẹ̀ ní 1957.

Orúkọ John Randle yìí ni ó wà lára ilé àṣà Yorùbá tí ó wà ní Oníkan. Ní Oníkan náà ni gbọ̀ngàn MUSON wà. Ní 1983 ni a dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, ní 1989 ni ilé-ẹ̀kọ́ orin rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ní 1995 ni a sì ṣí àwọn gbọ̀ngàn rẹ̀, ńlá àti kékeré. Ará Sangisa tí ó bá fẹ́ débẹ̀ yóò gba Kétu àti Ọ̀jọ́ta, yóò sì gba Afárá Third Mainland kọjá lórí ọ̀sà. Kí ó tètè dé. Kí ó pa fóònù rẹ̀. Bí abala kan bá parí, kí ó má ṣe tíì pàtẹ́wọ́; kí ó dúró títí gbogbo abala yóò fi tán, tí àwọn olórin yóò sì sọ ọ̀pá wọn kalẹ̀. Níbi àríyá wa, owó ni a ń lẹ̀ mọ́ olórin níwájú orí; níbí yìí, ìdákẹ́jẹ́ ni owó tí a ń ná fún un.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ó lè jẹ́ pé orin yìí kò ní dùn mọ́ yín létí lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ fi sùúrù gbọ́ ọ. Ènìyàn mẹ́rin ni ó jókòó síbẹ̀, olúkúlùkù ń sọ tẹnu rẹ̀ láìbẹ̀rù, síbẹ̀ kò sí èyí tí ó bo ohùn ẹnìkejì mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá kọ́ láti gbọ́ ohùn mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà yóò rí ìwúlò rẹ̀ ní ilé, ní ilé-ìwé, àti níbikíbi tí a bá ti ń pèrò.