Ètò Ilé àti Ìtọ́jú Ọmọ ní Ilé-Ìwé Ọmọkùnrin

1. Ìfáàrà

Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gírámà ọmọkùnrin tí Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀ ní Nàìjíríà, irú bíi King's College ní Èkó (1909) àti Government College ní Ìbàdàn (1929), pín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn sí ilé, wọ́n sì fi ọ̀gá ilé kọ̀ọ̀kan ṣe alágbàtọ́ wọn. Ohun tí bébà yìí fẹ́ fi hàn ni pé ìtọ́jú ọmọ nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ kò sí ní ọwọ́ ọ̀gá ilé tó bí ènìyàn ṣe rò. Ọwọ́ àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n fi ọdún díẹ̀ ju ẹni tí wọ́n ń tọ́jú lọ ni ó wà jù. Ibẹ̀ ni agbára ètò náà wà, ibẹ̀ náà sì ni ewu rẹ̀ wà.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ètò náà ti wá. Thomas Arnold, tí ó jẹ́ ọ̀gá àgbà ilé-ìwé Rugby láti 1828 títí ó fi kú ní 1842, bá ipò olórí ọmọ nílẹ̀ ni, kì í ṣe òun ni ó dá a sílẹ̀. Ohun tí ó ṣe ni pé ó gbé ẹrù ìwà àwọn ọmọ kéékèèké lé àwọn ọmọ kíláàsì òkè lórí, ó sì fẹ́ kí olùkọ́ máa ṣe àkóso ilé tí àwọn ọmọ ń wọ̀ sí, dípò àwọn obìnrin onílé tí wọ́n ń gba owó oúnjẹ àti ibùsùn. Èyí kò fòpin sí ìyà. Ìtàn àròsọ Tom Brown's School Days (1857), tí Thomas Hughes kọ, kún fún bí ọmọ ńlá ṣe ń fi ìyà jẹ ọmọ kékeré ní Rugby. Ọmọ ilé-ìwé náà sì ni Hughes ní àsìkò Arnold.

2. Ilé àti agbo ilé

Orúkọ àwọn ọ̀gá àgbà àtijọ́ ni àwọn ilé King's College ń jẹ́: Hyde-Johnson, McKee Wright, Panes, Harman. Ti Ìbàdàn ni Grier, Swanston, Field, Powell àti Carr. Ojú Yorùbá kò lè ṣàì rí agbo ilé nínú èyí, nítorí pé agbo ilé náà a máa jẹ́ orúkọ ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ dó, àwọn ọmọ rẹ̀ a sì máa fi í yangàn. Ìfiwéra náà dùn létí, ṣùgbọ́n kò lọ jìnnà.

Nínú agbo ilé, ọmọ tí ó ń jẹ́ iṣẹ́ àgbà mọ̀ pé àgbà náà ní ohun tí yóò ṣe fún òun. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Nínú yàrá ìsùn, ọmọ ọdún 17 ni ó ń rán ọmọ ọdún 11 ní omi. Síníọ̀ náà ṣì jẹ́ ọmọ. Ohun tí wọ́n ṣe fún un nígbà tí ó jẹ́ ọmọ tuntun ni ó ń ṣe fún ẹlòmíràn, bóyá ó dára tàbí kò dára. Bàbá tí ó bá mú ọmọ rẹ̀ wá a máa fà á lé síníọ̀ kan tí ó mọ̀ lọ́wọ́ pé kí ó jẹ́ bàbá rẹ̀ ní ilé-ìwé. Bí ó bá bọ́ sí ọwọ́ ẹni rere, yóò kọ́ bí wọ́n ṣe ń fọ ṣòkòtò àti bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ gàrí nínú àpótí. Bí ó bá bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn, ẹni tí ó yẹ kí ó bá a ṣọ́ gàrí náà ni yóò jẹ ẹ́ tán.

Ìyàtọ̀ tí ó tóbi jù ni ti ibi ìsádi. Ọmọ tí wọ́n ń nà nínú agbo ilé lè sá sí ẹ̀yìn ìyá àgbà. Bí ìyá àgbà bá ti ní "Ó tó," ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Kò sí ìyá àgbà ní ilé akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tí ó sún mọ́ ọn jù ni mátíròònù, ilé ìtọ́jú aláìsàn ni òun sì wà. Abájọ tí orí fífọ́ àti inú rírun fi máa ń pọ̀ níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà. Mátíròònù tí ó bá lóye kì í fi oògùn nìkan dáhùn. Yóò bi ọmọ náà léèrè ẹni tí ó ń gbé ibùsùn tí ó tẹ̀ lé tirẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ náà kì í sábà dáhùn. Ẹni tí ó bá ro ẹjọ́ síníọ̀ fún ọ̀gá ilé, olófòófó ni wọn yóò máa pè é títí yóò fi jáde. Ilé ni ó sì ti kọ́kọ́ gbọ́ pé òfófó kò dára, nítorí náà ẹ̀kọ́ ilé gan-an ni ó ń ti ìdákẹ́jẹ́ yìí lẹ́yìn. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 ka ìyà àti ìwọ̀sí léèwọ̀ fún ọmọ, ṣùgbọ́n òfin kò lè ṣiṣẹ́ lórí ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ.

3. Nígbà tí ilé bá bọ́ lọ́wọ́ ọmọ

Àpẹẹrẹ kan wà tí àwọn òpìtàn ti sọ di ti òṣèlú pátápátá. Ní àsìkò Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n gba ibùgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ King's College fún àwọn ọmọ ogun, wọ́n sì kó àwọn ọmọ lọ sí ilé mìíràn láàárín ìlú. Ní oṣù kẹta ọdún 1944, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ẹ̀hónú hàn. Wọ́n kó ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ sí ilé-ẹjọ́, wọ́n sì fi tipátipá kó mẹ́jọ wọ iṣẹ́ ológun. Ìbínú tí ó tẹ̀ lé e wà lára ohun tí ó bí ẹgbẹ́ NCNC ní oṣù kẹjọ ọdún náà. Òótọ́ ni gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n ibi tí ọmọ ń sùn ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, àwọn tí ó sì gbà láti ṣe alágbàtọ́ àwọn ọmọ náà ni ó fà wọ́n lé ilé-ẹjọ́ lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ ibi tí ọ̀gá ilé fúnra rẹ̀ ń sùn kò kéré sí èyí. Níbi tí ilé rẹ̀ bá wà nínú ọgbà, tí ó sì ń gbé tọ́ọ̀ṣì rìn láàárín ibùsùn lẹ́yìn tí iná bá ti kú, yóò rí ọmọ tí ó ń fọ aṣọ ẹlòmíràn ní agogo 11, yóò sì rí ibùsùn tí kò sí ẹni lórí rẹ̀. Kò ní í béèrè kí ẹnikẹ́ni ro ẹjọ́. Níbi tí ó bá ti ń gbé inú ìlú, tí ó ń wá ní òwúrọ̀ láti pe orúkọ, gbogbo ọmọ ni yóò dáhùn pé àwọn wà.